Ṣẹ́ẹ̀tì Mẹ́wàá Dípò Méjìlá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti ilé Bàbá Ọgọ́rin dé ìlú ńlá, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu lórí máìlì. Kó bi ìyàwó bàbá náà. Ṣẹ́ẹ̀tì méjìlá ni.

Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá náà ń ṣe, aṣọ iléèwé ló sì ń rán jù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, ọkọ rẹ̀ á kó búlọ́ọ̀kù sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, òun á gbé apẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì lé itan níwájú, wọ́n á jọ gba ọ̀nà ìlú lọ. Ọ̀nà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, abẹ́rẹ́ kì í gún un lọ́wọ́ bó ti ń ránṣọ nínú ọkọ̀. Bó bá ti rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kejìlá, tó fi eyín já òwú, ọkọ̀ ti ń dúró lẹ́nu géètì iléèwé nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé ọkọ rẹ̀ kì í sáré. Ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan ni ọwọ́ aago eré inú ọkọ̀ máa ń wà, kò lé, kò dín. Bí àwọn awakọ̀ yòókù bá ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, á ní, "Ẹ fò mí kọjá, ẹ ṣáà máa lọ." Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ, ó sì gba orúkọ náà bí oyè.

Lọ́jọ́ kan, ẹrẹ̀ mú ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ọkùnrin mẹ́fà ló tì í jáde, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Ó dùn ún wọra. Ó gba ọ̀dọ̀ onítaya lọ.

Onítaya yí ọkọ̀ náà po, ó pòṣé. "Bàbá, irú ọkọ̀ alágbára báyìí, bàtà ọmọdé lẹ wọ̀ fún un! Ẹ jẹ́ ká gbé taya ńlá sí i. Ẹrẹ̀ kankan ò ní mú un mọ́."

"Ṣé kò ní pa ọkọ̀ lára?"

"Pa kí ni lára? Bó bá ti lè wọlé, ó bá a mu nìyẹn. Kí lẹ tún ń wá?"

Ó wọlé lóòótọ́. Nígbà tí bàbá wa ọkọ̀ náà délé, àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ìyàwó rẹ̀ ní láti gbé àpótí sílẹ̀ kó tó lè gùn ún.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ọkọ̀ la fẹ́ wọ̀ àbí àjà la fẹ́ gùn?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì, ṣẹ́ẹ̀tì méjì ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí kò ní bọ́tìnì.

"Àbí a ti dé ni?"

"A ti dé kẹ̀. Mélòó lo rán?"

"Mẹ́wàá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá àwọn ọmọ, ogbó ti ń dé o! Ọwọ́ ti ń wọ́."

Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Tọ́sìdeè, mẹ́wàá. Mọ́ńdè, mẹ́wàá. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ó nu awò ojú rẹ̀. Ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, bóyá òun ló ń dí i lọ́wọ́. Mẹ́wàá náà ni. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lára ìyá tó bí i lọ́mọ, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi pé ó ti kan òun. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kàn pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó bá di Tọ́sìdeè, òun á sọ fún ọ̀gá iléèwé pé kí wọ́n wá aránṣọ mìíràn.

Ẹ tiẹ̀ bá mi wò ó. Aago inú ọkọ̀ ní ọgọ́rin, ó gbà á gbọ́. Ọwọ́ tó fi ń jẹun láti ogójì ọdún wá ló ń fura sí. Èmi ò lè bá a wí, torí bí èmi náà ì bá ti ṣe nìyẹn.

Tọ́sìdeè pé. Ògiri pupa kan wà kí wọ́n tó kan iléèwé. Ibẹ̀ ni bàbá ti máa ń tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á sì rọra dúró kó tó dé ìlà funfun tí àwọn ọmọ fi ń sọdá. Ní Mọ́ńdè, orí ìlà gan-an ló dúró sí, bàbá ní eruku ló wọ bíréèkì. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè yìí, búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ọkọ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n dé ògiri pupa. Ó tẹ bíréèkì.

Ọkọ̀ kò dúró.

"Bàbá àwọn ọmọ!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́! Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

Ọmọbìnrin kan wà lórí ìlà funfun. Ó fò sẹ́yìn. Iwájú ọkọ̀ gbá báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ṣubú lulẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Ìyá ò mọ bí òun ṣe bọ́ sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ gíga yẹn. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ń fọwọ́ kàn án ní orí, ní apá, ní ẹsẹ̀. Orúnkún nìkan ló bó díẹ̀. Bọ́tìnì kan já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá wo òwú tó ṣẹ́kù níbẹ̀, ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, ló bá bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ má sunkún mọ́," ọmọ náà ní. "Kò dùn mí púpọ̀."

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ayẹ̀wò ọkọ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà láàárọ̀ yẹn. Ó sáré dé, ó wo ọmọ náà dáadáa kó tó kọjú sí bàbá.

"Bàbá, eré wo lẹ ń sá nígbà tẹ́ ẹ dé ibi ògiri yẹn?"

"Ọgọ́rin ni! Gbogbo ayé ló mọ̀ mí. N kì í kọjá ọgọ́rin."

Obìnrin náà wo taya. "Ìgbà wo lẹ wọ èyí fún un?"

"Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì."

Ìyá gbórí sókè. "Ìgbà yẹn náà lọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́." Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì méjìlá tó di mẹ́wàá látòkè délẹ̀.

Ẹnu ya obìnrin alákòóso ayẹ̀wò ọkọ̀ yìí. "Màmá, ẹ bá mi mú kẹ̀kẹ́ òwú méjì wá, ńlá kan, kékeré kan. Ẹ mú téèpù ìwọnṣọ yín pẹ̀lú."

Ó na téèpù sórí pèpéle ẹ̀bá ọ̀nà. Ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí rẹ̀, ó yí ńlá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bàbá, èwo ló lọ jìnnà jù?"

"Ńlá ni."

"Aago inú ọkọ̀ ò rí ọ̀nà o. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń kà, taya tí wọ́n ṣe mọ́ ọn ló sì fi ń ṣírò. Ẹ wá gbé èyí tó ga sí i, ẹ ò tún aago ṣe. Bó bá pè é ní ọgọ́rin báyìí, ẹ ti lé ní àádọ́rùn-ún. Taya náà tún wúwo, bíréèkì àtijọ́ ló sì ń dì í mú." Ó yọjú wo inú ibi tí taya wà, ó fọwọ́ kàn án. "Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá ti yí sítíárìn dópin, ó ń ha ara ọkọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára taya yìí pàápàá, òun ló ń sọ ẹrù tó lè gbé. Kò tó ti búlọ́ọ̀kù. Ó kàn fẹjú lásán ni."

Ó wá yíjú sí ìyá. "Ọwọ́ yín ò wọ́, Màmá. Eré ọkọ̀ ló pọ̀ sí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń kà á bó ṣe yẹ."

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀. "Mo ní ogbó ló dé sí ọ," ó ní. "Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá àwọn ọmọ, dárí jì mí."

"Ẹ dìde, ká lọ bẹ àwọn òbí ọmọ yìí ná." Ìyá ti fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Kíá ló rán bọ́tìnì náà padà sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ.

Wọ́n lọ bẹ àwọn òbí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó búlọ́ọ̀kù kúrò, wọ́n sì fi ọkọ̀ mìíràn fa pikọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè é ní Bàbá Ọgọ́rin, kì í jẹ́ orúkọ náà. "Kí aago mi kọ́kọ́ sòótọ́ ná," ni yóò wí. Alákòóso ayẹ̀wò ló fi hàn án pé eyín taya ló ń bá ẹrẹ̀ jà, pé taya eléyín jíjìn wà ní ìwọ̀n ti àtijọ́, tó sì lè gbé búlọ́ọ̀kù. Irú taya yẹn ni bàbá wọ̀ fún ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún gba ọ̀nà ìlú, ìyá ń rán bọ́tìnì lọ. Géètì iléèwé yọ. Ìyá fi eyín já òwú.

"Mélòó?" bàbá béèrè.

"Méjìlá."

Ó gbé orí lé sítíárìn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má tún un ṣe. Ṣùgbọ́n pé taya wọlé kò tíì sọ pé ó bá ọkọ̀ mu. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ìwọ̀n taya tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì wo ẹrù tí taya náà lè gbé. Bẹ́ ẹ bá gbé èyí tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, ẹ ní kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ tún aago eré ṣe, kó yẹ bíréèkì wò, kó yí sítíárìn dópin lọ́tùn-ún lósì nígbà tí ẹrù wà lórí ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ padà lọ fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ le. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn alákòóso ayẹ̀wò kẹ́ ẹ tó di ẹrù lé e. Wọn ò ní jẹ yín.

Bí ẹni tó jókòó tì yín bá sì ní ọ̀nà ti ń yá jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo taya.