Òórùn Ẹlẹ́dẹ̀ ní Harlow Creek

"Yàrá tèmi nìkan! Fèrèsé méjì!" Luana ń fò sókè bí ẹni tí eèrà wọ inú aṣọ rẹ̀. "Harlow Creek ni ilé náà wà. Reluwé ò pẹ́ kó tó gbé Dádì dé ibi iṣẹ́ ní Toronto. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni gbogbo ẹni tó fẹ́ ẹ máa sọ iye tó lè san, ẹni tó bá sọ jù ló máa gbà á."

Inês rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìlara ti wọ̀ ọ́. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé yàrá abẹ́ ilé onílé. Láti fèrèsé wọn kan ṣoṣo, bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan ni wọ́n ń rí. Orí àga ló ń sùn. Luana, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí kì í yé wo ìwé rẹ̀ kọ ìdáhùn nínú ìdánwò ìṣirò, ṣé òun ló yẹ kó ní fèrèsé méjì?

"Harlow Creek?" Inês di imú. "Áà, ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín ni? Oko ẹlẹ́dẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú yẹn. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ báyìí, òórùn lẹ máa fi jẹ búrẹ́dì. Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó tì ní kíláàsì."

Kò sí oko ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ọ̀rẹ́. Inês ò tilẹ̀ dé Harlow Creek rí.

Luana sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà ti bímọ lẹ́nu àwọn ará ìjọ. Ẹnìkan tiẹ̀ ní wọ́n ti ń wọ reluwé.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, Amadeu, bàbá Inês, ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sórí àga.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ fi yà ẹ́ lẹ́nu ni, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi àti mọ́mì ẹ ti rí ilé kan, onílẹ̀kùn pupa. Àná ló yẹ ká sọ iye tiwa. Mo fà sẹ́yìn."

"Kí ló dé, Dádì?"

"Òórùn ẹlẹ́dẹ̀. Harlow Creek ló wà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò ní purọ́ fún mi."

Inês dìde. Kó tó la ẹnu jẹ́wọ́, ilẹ̀kùn ṣí gbàà! Bàbá Luana ló wọlé, ó gbé kéèkì lọ́wọ́, ó ń jó.

"Amadeu, bá mi yọ̀! Mo wọ reluwé láàárọ̀ àná lọ fi imú ara mi gbóòórùn ibẹ̀. Koríko lásán ni mo gbọ́! Gbogbo ará ìjọ tó fẹ́ bá wa du ilé náà ti sá. Àwa nìkan la kù, ilé ti di tiwa! Ẹni tó pa irọ́ yẹn, Ọlọ́run á bù kún un!"

"Ẹ̀gbọ́n, ilé onílẹ̀kùn pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́?" Amadeu bi í.

"Tọkọtaya kan láti Montreal ti rà á. Àwọn yẹn ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹlẹ́dẹ̀."

Inês bú sẹ́kún. "Èmi ni. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn."

Ijó dúró. Bàbá rẹ̀ kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

"Nítorí kí ni?"

"Torí fèrèsé méjì tí Luana máa ní."

Amadeu mí kanlẹ̀. "Mẹ́ta ni yàrá tìẹ ì bá ní."

Ní ọjọ́ kejì, Inês bẹ Luana. Luana bínú, lẹ́yìn náà ló ní kó wá máa sùn lọ́dọ̀ àwọn nígbà ìsinmi. Oore yẹn ta Inês ju èébú lọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni òun àti bàbá rẹ̀ ń wọ reluwé lọ wo àwọn ìlú tó jìnnà sí i, tí owó wọn lè ká. Bí reluwé bá dúró ní Harlow Creek, àwọn èèyàn á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa rìn lọ sílé wọn.

Inês á dìde díẹ̀.

"Jókòó," bàbá rẹ̀ á sọ. "Tiwa ṣì kù níwájú."

Inês á jókòó. Ó ti yé e wàyí: ó fẹ́ fi ìlara gba ilé lọ́wọ́ Luana, àmọ́ ilé tiwọn gan-an ló fi pàdánù.