Baba Ńlá Tí A Kò Sìn Sọ́nà

Kang kì í fẹnu kan ọtí, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó da ọtí jéró tó kún ife idẹ sọ́nà ọ̀fun láìmí, ó sì na ife náà pé kí wọ́n tún bu òmíràn. Bàbá rẹ̀, Weisu, ọba Tuan, tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀, gbóòórùn ẹrẹ̀ lára ọmọ náà. Orí rẹ̀ wú.

Bí wọ́n ṣe ń bọ baba ńlá ní Tuan nìyẹn: àrọ́mọdọ́mọ ni wọ́n ń wọ̀ láṣọ òkú, kí òkú lè tipasẹ̀ rẹ̀ jẹun. Ẹni tí Kang jókòó dípò rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló tẹ ìlú náà dó. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré Tuan o! Ìlú kékeré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi la kòtò sínú irà títí irà fi doko. Láti ìgbà náà, ebi kò pa ọmọ Tuan kankan kú. Ìlú ńlá wà tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

"Baba, ogun gúúsù ti yí wa ká," Weisu sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ká jà ni, àbí ká túúbá?"

Bohe, àwòrò, ló yẹ kó gbẹnu òkú fèsì. Ṣùgbọ́n Kang ló lanu, ohùn arúgbó ló jáde.

"Àwọn tó ń roko wọ̀nyí lo fẹ́ kó fún idà jẹ? Ṣé orí ẹ pé? Ẹ gbé pósí wá."

"Kábíyèsí, kì í ṣèmi ni mo sọ̀rọ̀ o," Bohe ké.

Ọba tó bá fẹ́ túúbá a máa di ara rẹ̀ lọ́wọ́, a fi òkúta iyebíye tí wọ́n ń fi sẹ́nu òkú sẹ́nu, wọn a gbé pósí tẹ̀ lé e. Weisu na ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n dì í. Kang tì í sẹ́yìn.

"Èmi ni mo dá ìlú yìí sílẹ̀. Èmi náà ni n ó fà á lé wọn lọ́wọ́."

Wọ́n di ọwọ́ tirẹ̀, wọ́n fi òkúta sí i lẹ́nu, wọ́n gbé pósí tẹ̀ lé e, ó jáde. Gbogbo ìlú sáré tẹ̀ lé e. Ọ̀gágun gúúsù wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó tú u lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jó pósí. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan kò ta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba Tuan parí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kó agogo idẹ ojúbọ kọjá odò.

Ìgbà náà ni Bohe figbe ta. Agogo wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń sin òkú padà sọ́run kí ọmọ tó dìde níjòókòó. Nínú ìkánjú, kò sẹ́ni tó lù wọ́n.

"A ò sin Baba sọ́nà!"

Weisu sáré wá ọmọ rẹ̀. Ó bá a nínú kòtò omi, ó ń kó ẹrẹ̀.

"Kang, èmi ni. Bàbá ẹ ni."

Ọ̀dọ́kùnrin náà gbójú sókè, àánú kún ojú rẹ̀. "Mú ọkọ́, ọmọ mi. Òjò ń bọ̀. Àwọn èèyàn yìí gbọ́dọ̀ jẹun."

Weisu mú ọkọ́, ó ń sunkún. Ẹni tó ń pè é lọ́mọ yìí sàn ju gbogbo ọba lọ, ṣùgbọ́n Kang ọmọ rẹ̀ ni Weisu ń fẹ́.