Ìbéèrè Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Kúrò Lójú Fóònù

Lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni dókítà ti bá káfíńtà. Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

"Bàbá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la la máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó yín. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó bá tiwọn mu ló wà nílẹ̀, méjì la nílò. Ẹ wá ẹni tó máa fún wa ní ìkejì kí yàrá ẹ̀jẹ̀ tó tì ní aago márùn-ún."

"Ìyẹn ò le, dókítà," ni káfíńtà wí.

Kì í ṣe pé ó ń fọ́nnu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń tún fóònù ṣe, ti so ìkànnì ìjíròrò méjì pọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wọn, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn: wẹ́dà, akunlé, télọ̀. Ìkejì jẹ́ ti àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ènìyàn mẹ́tàlélógójì. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ sí ọ̀kan, ẹ̀rọ á gbé e dé ìkejì.

Káfíńtà kọ irú ẹ̀jẹ̀ náà, orúkọ ọsibítù àti wákàtí. Ó fi ránṣẹ́, ó jókòó.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti dá a lóhùn.

"Àmín o."

"Èyí náà tún ti dé!"

"Ẹ̀fọn àdúgbò wa ti gba tèmi tán. Ẹ lọ bá ẹ̀fọn." Ẹni mẹ́rìnlá ló fi ẹ̀rín tẹ̀lé èyí.

Àwọn afúnnilẹ́jẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Aago méjì lù, kò sí ẹni tó wá. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, kò sí. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ béèrè bóyá wọ́n ti rí ẹnì kan. Káfíńtà ní wọ́n wà lọ́nà. Kò sí ẹni tó wà lọ́nà.

Ó pe àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn sáré lọ mú nọ́ọ̀sì àgbà kan wá, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń darí ìkànnì àwọn afúnnilẹ́jẹ̀.

"Màmá, ẹ ò rí ọ̀rọ̀ mi ni?" ni káfíńtà bi í.

Nọ́ọ̀sì na fóònù rẹ̀ sí i. "Wá a jáde fún mi, ọmọ mi. 'Ẹ káàárọ̀ o.' 'Ta ló gbé òòlù mi?' Fọ́tò ọjọ́ ìbí mẹ́fà. Ó lé ní igba àtẹ̀jíṣẹ́ tiyín láti òwúrọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í kí ara wa níbẹ̀. Bí fóònù bá ti dún, ẹnì kan ń kú lọ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn mi ti pa ohùn ìkànnì náà báyìí. Mọ́kànlá ti jáde."

"Àwọn tiwa ńkọ́?" ni àbúrò ìyàwó wí. "Wọ́n rí i, wọ́n ń fi ṣàwàdà."

"Jẹ́ kí n bi ọ́. Bí a bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kí là ń ṣe lọ́dọ̀ wa?"

"Ẹ máa ń pa ìbéèrè náà rẹ́."

"A kì í kọ 'ó ti parí'. Èyí tí o ò bá rí mọ́, ó ti parí nìyẹn. Ẹ̀rọ rẹ tó ń gbé ìbéèrè wa wá sọ́dọ̀ yín, bí a bá pa á rẹ́ níbí, ṣé ó ń pa á rẹ́ lọ́hùn-ún?"

Àbúrò ìyàwó yẹ ìkànnì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wò. Ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ méje ló ṣì dúró digbí níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí wọn ò rí ẹ̀jẹ̀ fún lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ gan-an.

"Rárá, Màmá," ó wí. "Kì í pa á rẹ́."

"Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. O so ilé méjì pọ̀, o ò bi ìkankan léèrè èèwọ̀ rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ. Màá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé kì í ṣe eré," ni àbúrò ìyàwó wí.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òpùrọ́ ń kọ ọ́. Já okùn yẹn ná. Lẹ́yìn náà, ká fi ẹnu pè wọ́n."

Ó já a. Nọ́ọ̀sì pe ènìyàn márùn-ún. Méjì wà lẹ́nu ìrìn àjò, ẹnì kan ń ṣàìsàn, méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹlòmíràn lẹ́jẹ̀ lóṣù tó kọjá. Káfíńtà rántí pé wẹ́dà kan ládùúgbò ti sọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí. Ó pè é.

"Ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn?" ni wẹ́dà wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Mo dé ọsibítù, wọ́n ní ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́bọ̀, bákan náà! Akunlé lọ tiẹ̀, wọ́n ní aláìsàn ti padà sílé. Kí lẹ tún fẹ́ kí n lọ ṣe níbẹ̀? Kí n lọ gbafẹ́?"

"Ìyàwó mi ni."

Irin ń dún gbọnmọgbọnmọ lẹ́yìn wẹ́dà. Ó dáwọ́ dúró.

"Ìyá àwọn ọmọ?"

"Òun ni. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo jókòó sí báyìí."

"Áà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yẹn." Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mò ń bọ̀. Mi ò ní wẹ̀ o. Ara ló dọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ ò dọ̀tí."

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ apá rẹ̀ kí wọ́n tó rí iṣan. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ, wọ́n gbé obìnrin náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀, ó jáde láàyè.

Àbúrò ìyàwó kò so okùn náà padà. Ó bẹ ìkànnì méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìbéèrè méje náà rẹ́. Wẹ́dà ló wà láàárín báyìí. Bí ìbéèrè bá dé, nọ́ọ̀sì á pè é, òun á sọ fún àwọn tirẹ̀ bó ṣe máa yé wọn. Bí wọ́n bá ti rí ẹ̀jẹ̀, á kọ ọ́ pé: "A ti rí i. Kí ẹnikẹ́ni má lọ mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ìkànnì, kò burú láti so ọ̀kan mọ́ òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ bi wọ́n léèrè: lọ́dọ̀ yín, kí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ túmọ̀ sí? Kí lẹ kì í fi ṣàwàdà? Ẹ dán an wò bóyá ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níhìn-ín ń pa rẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà fóònù sí gbogbo ìbéèrè ẹ̀jẹ̀. Ìwọ tí o bá sì rí i, pe nọ́ńbà náà kí o tó dìde, kí o sì pè é kí o tó fi rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń ṣàwàdà kì í ṣe ìkà. Ẹni tó dákẹ́ kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó wà láàárín àwọn méjèèjì lè má ráyè dúró kí wọ́n tó gbọ́ èdè ara wọn.