Ta Ló Ń Fi Imú Kọrin Nínú Wáyà Wa?

Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí nítòsí rí, tó ń bá yín kọrin? Èmi ti gbọ́ ọ. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì lá àlá. Ojú ọ̀sán ló ṣẹlẹ̀, oòrùn ń ràn, ojú mi là kedere. Ọlọ́run tí mò ń kírun sí ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní ìlú Lakowe ni, lásìkò tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ láti Lẹ́kì bọ̀ lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Eruku ń bò wá, ilé ń hù káàkiri. Èmi àti ọkọ mi, Àyúbà, ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òun ló ń dúró ti ẹ̀rọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Èmi wà níwájú, lábẹ́ àtíbàbà, níbi tí oníbàárà ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Bí oníbàárà bá ní èyí tó nípọn lòun fẹ́, kí n tó rìn dé ẹ̀yìn, ọkọ mi á ti tẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ gègèrè. Ohùn mi kéré. Àwọn ará ilé ọkọ mi máa ń ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi làwọn ń wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ẹbí nígbà náà. Bàṣírát, àbúrò ọkọ mi obìnrin, wọ ọkọ̀ ní Ajah láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Ẹ̀pẹ́. A ò rí i mọ́. A dé ọsibítù, a dé àgọ́ ọlọ́pàá, a dé gbogbo gáréèjì. Ọdún yípo. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé ní Jakande, kì í ti ilẹ̀kùn sùn mọ́, torí ọmọ rẹ̀ lè dé lóru. Ẹ̀gbọ́n Habeeb, àkọ́bí ilé, wá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí a kírun òkú sí Bàṣírát lára, kí a ṣe fídáù fún un, kí ìyá lè fi ọkàn balẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí a bá ti ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ní wá a mọ́. Wọ́n á pín aṣọ rẹ̀. Á di òkú, bó tilẹ̀ wà láàyè níbì kan. Wọ́n ti dá ọjọ́ Sunday kan.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Azeezat, ọmọ wa obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ fóònù títún ṣe, fi ní òun rí ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ ariwo ẹ̀rọ. Ó wá héédìfóònù méjì tó ti gbó, ó so maìkì kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kó ìyókù sínú ike bọ́tà tó ṣófo, ó fi bátìrì sí i, ó fa wáyà láti àtíbàbà dé ìdí ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ ní òun ò lè ṣiṣẹ́ láìgbọ́ orin àpàlà. Ó tún fa wáyà mìíràn láti inú fóònù bàbá rẹ̀ wọnú ike náà. Ohun méjì ló wà lára ike tí a ń fọwọ́ yí: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún orin. Bí a bá yí ti orin wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á jáde gedegbe. Bí a bá yí i sókè, orin á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi rí mi pẹ̀lú héédìfóònù lórí ìborùn, ó ní ìyàwó òun ti di páílọ́ọ̀tù, kí n má gbàgbé òun bí mo bá gbéra.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọkọ mi sì ń gbọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ìyá Azeezat, orin yẹn mà dùn lẹ́nu ẹ."

"Orin wo?"

"Èyí tí ò ń fi imú kọ."

Ẹnu mi wà ní pípadé. Tẹ̀súbáà ni mò ń fà. Èmi náà sì ti ń gbọ́ orin yẹn láti àárọ̀. Mo rò pé òun ni.

A dákẹ́. Ó ń bá a lọ. Ohùn obìnrin ni, ó rọra ń tẹ̀lé àpàlà náà lábẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń gbálẹ̀, tọ́kàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Olórin dákẹ́. Òun ò dákẹ́. Ó kọ ọ́ síwájú díẹ̀, ó mí, ó dúró.

Azeezat rẹ́rìn-ín nígbà tí a sọ fún un. Ó ní rédíò ẹlòmíràn ló ń wọlé. Ó gba ti bàbá rẹ̀ wọ̀, èmi wọ tèmi. Ó gbọ́ ọ. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yọ maìkì méjèèjì. Obìnrin náà ń kọrin. Ó pààrọ̀ fóònù. Ó ń kọrin. Ó yọ wáyà orin pátápátá. Ó ń kọrin, láìsí orin kankan tó ń tẹ̀lé. Ohun kan ṣoṣo tó lè pa á ni kí ọ̀kan nínú wa ṣí tirẹ̀ kúrò létí. Ẹni kan kì í gbọ́ ọ. Àfi bí ẹni méjì bá jọ wọ̀ ọ́.

Azeezat wo ike náà títí. Ó ní, "Màmá, ohun tó bá wọ inú ibí yìí, wáyà ló ń gbà. Èyí ò gba wáyà kankan."

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Kí n má purọ́, ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n ju kí n sá lọ. Èmi àti ọkọ mi tún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, wáyà àti maìkì gbogbo ti padà sáàyè wọn. Mo ka Àyátúl-Kúrúsíyù sínú maìkì, torí àlùjànnú kì í dúró gbọ́ ọ. Orin náà dákẹ́. Mo kà á parí.

"Àmín," ni ohùn náà wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó."

Ọkọ mi pa ẹ̀rọ. Àwa méjèèjì mọ ẹni tó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, tó máa ń fa ìparí ẹ̀ gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é: Bàṣírát, Bàṣírát. Kò sí ìdáhùn. Ó ṣí héédìfóònù sọ sórí yanrìn. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í dá ẹni tí kò rí lóhùn, òun ò wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí di lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó wọ̀ ọ́ níkẹyìn, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọdé ni Bàṣírát nígbà tí mo wọlé ọkọ, eyín rẹ̀ funfun báláú, mo sì fún un lórúkọ tèmi. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Eyínfúnjowó."

"Ẹ mà pẹ́."

"Níbo lo wà?"

Orin ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ó mí.

"Ṣé o wà láàyè?"

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kírun sí mi lára."

"Eyínfúnjowó, ṣé o wà láàyè?"

"Ìyàwó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

"Mi ò ní jẹ́," ni mo wí. "Mo ṣèlérí."

Ọkọ mi ní òun ò gbọ́ ju orin àpàlà lọ. Ó sáré lọ tan ẹ̀rọ padà. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ wa àti orin nìkan ló ń jáde nínú ike náà.

Sunday pé. Àwọn ààfáà jókòó sórí ẹní nílé ìyá wa ní Jakande. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń dín àkàrà. Ẹ̀gbọ́n Habeeb yọjú, ó bi mí bóyá ó ti jinná. Mo la ẹnu láti sọ ẹ̀bẹ̀ Bàṣírát fún un. Mo ní ó ti jinná. Ọkọ mi wọlé wá bu omi, ó wò mí, ó gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò sọ ọ́ nígbà yẹn náà.

Mo wá gbọ́ tí ààfáà àgbà ń béèrè orúkọ òkú.

Mo jáde. Mo rìn gba àárín wọn.

"Ẹ dákun, ẹ má kírun sí i lára."

Ohùn mi lọ sókè débi pé Ẹ̀gbọ́n Habeeb ò dá a mọ̀, ó ń wo ọ̀nà ilẹ̀kùn. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"O rí i ni?"

"Mi ò rí i."

"Ó wà láàyè?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Ìyá wa ti ká ìborùn kúrò lójú, ó ń wò mí. Mo ní Bàṣírát ló bẹ̀ mí. Wọ́n ní níbo. Mo jókòó sórí ẹní láàárín wọn. Wọ́n ní kí n padà sí kíṣìnì. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, wọ́n tún sọ ọ́ líle. Mi ò kúrò lórí ẹní náà títí àwọn ààfáà fi dìde wọ bàtà wọn láìkí ìrun náà.