Búráúsà Tí Nimisha Yàn

"Búráúsà àwọn ìyá àgbà yìí náà lo fẹ́ kó máa ṣí fún wa?" Jishnu bú sẹ́rìn-ín. "Nimisha, o ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ lọ o!"

Nimisha kò bá a rẹ́rìn-ín. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà nílé-ìwé wọn ní ìpínlẹ̀ Kerala. Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan, ló ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fi í sórí wọn lákọ̀tun ni. Tíṣà Ramlath wá fa iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́: kó yan búráúsà kan ṣoṣo, ìyẹn ètò tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, tí yóò máa ṣí fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ọmọ kan bá tẹ ohun tó fẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Àwọn ọmọ kéékèèké ò mọ ìyàtọ̀," tíṣà ti kìlọ̀. "Èyí tó o bá yàn náà ni wọn ó máa gbà wọlé. Dán an wò dáadáa."

Firefox ni búráúsà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Jishnu, ọmọ ẹgbẹ́ náà, gbé tuntun kan dé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe nílùú Kochi. Parunthu ni wọ́n pè é, ìyẹn àwòdì lédè wọn.

"Tó o bá yàn án," Jishnu ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "fọ́tò rẹ ni wọ́n máa gbé sójú ewé tó kọ́kọ́ ń ṣí. Gbogbo Kerala ló máa mọ̀ ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí Nimisha. Ó gbé Parunthu sórí kọ̀ǹpútà kan. Ó yára lóòótọ́. Àfi bí ìpolówó kan ṣe fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ẹsẹ̀ jíjẹrà tí ìdin ń jáde nínú rẹ̀, àwọn tó ń ta ìpara sì ní àwọn lè wò ó. Tìríratìríra ni Nimisha fi yíjú kúrò.

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn máa ń yọ," Jishnu ní. "Pa á dé, jàre."

Nimisha pa á dé. Kò tún dán nǹkan kan wò mọ́. Ó mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n fọ́tò ara rẹ̀ nìkan ló ń rí lọ́kàn. Kí wọ́n tó jáde nílé-ìwé lọ́jọ́ náà, Parunthu ti wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún wá wo àwòrán oríṣiríṣi àkèré. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, àkèré kọ́ ni wọ́n rí. Eyín tó ti jẹrà dé erìgì ni wọ́n rí, àti eéwo tí ọwọ́ kan ń fún tí ọyún ń dà, àti aràn tó ń lọ́ra pọ̀ nínú abọ́. Ọmọkùnrin kan bì sórí tábìlì, òórùn ìrẹsì kíkan sì gba gbogbo yàrá. Safa kékeré ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ kígbe. Ó ti rí ibi tí wọ́n ní kó tẹ nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ kó lè gba ẹ̀bùn, ó sì ti tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, ẹ̀bùn wo ni mo jẹ?" ó bi Nimisha, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mọ́, ìyá Safa já wọ yàrá kọ̀ǹpútà, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Láti àná ni àwọn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí ti ń pè mí! Safa ní orí kọ̀ǹpútà yín lòun ti tẹ nọ́ńbà mi! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni fóònù tún ń dún. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì nà án sí wọn. Ọkùnrin kan ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bèèrè irú aṣọ tí ìyá Safa wọ̀. Ó ṣe Nimisha bíi pé ahọ́n ẹlẹ́gbin kan ló lá a létí.

Tíṣà Ramlath já fóònù gbà, ó pa á. "Ta ló gbé ìdọ̀tí yìí wọ yàrá mi?"

Jishnu fi ìgbọ̀nwọ́ gún Nimisha. "Sọ pé àwọn ọmọ yẹn ló tẹ ohun tí kò yẹ," ó rọra sọ sí i létí. "Ta ló máa mọ̀?"

Nimisha wo ojú rẹ̀ tí kò tì. Ó rí i lára bí ẹni rí èébì. Àmọ́ Jishnu kọ́ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú tẹ kọ̀ǹpútà. Ìríra náà bá yí padà, ó lẹ̀ mọ́ òun alára.

"Tíṣà, ẹ má bá àwọn ọmọ wí. Èmi ni mo yàn án. Mo rí ìdin nínú ìpolówó rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dán an wò. Mo pa á dé torí mo fẹ́ kí wọ́n gbé fọ́tò mi sójú ewé rẹ̀."

Tíṣà kọjú sí i. "Ṣé o lè jẹ oúnjẹ tó o bá rí ìdin nínú rẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tó o fi bu ú fún ọmọ ọlọ́mọ?"



Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ Nimisha, wọ́n sì lé Jishnu kúrò nínú ẹgbẹ́. Lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré níta, Nimisha ń yọ Parunthu kúrò lórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá Firefox padà, àwọn eéwo àti aràn wọ̀nyẹn sì ń yọjú sí i títí ó fi parí.

Ti ìyá Safa ló burú jù. Nọ́ńbà tí ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai fi ń bá a sọ̀rọ̀ ló ní láti pa tì. Ọkọ ti gbọ́ pé àwọn ọkùnrin ń pe ìyàwó òun, ó sì ń béèrè ìdí. Nimisha àti tíṣà lọ bẹ obìnrin náà nílé. Ó fún wọn ní tíì, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ, ọmọ mi," ó ní. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò ní gbàgbé."

Nimisha gbé ife tíì náà kalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ohun tó bá rí èèyàn lára nígbà tó kọ́kọ́ fojú kàn án, kò yẹ kó gbé e fún ẹlòmíràn nítorí àtigba ìyìn, pàápàá ẹni tó fọkàn tán an, tí kò sì mọ bí yóò ṣe yàn fúnra rẹ̀.