Igun Mẹ́rin Yàrá Orrin

Orrin Lahti ń ya ara rẹ̀ ní fídíò nígbà tí Tíṣà Skogen gbé rólù téèpù méjì kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó ti fi fóònù ti àkàbà, ó yí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tó gún régé sí i, ó sì ń ṣàlàyé fún àwọn olùwòran rẹ̀ bí ọ̀gá ṣe ń di ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri mú. Ọ̀bẹ náà ń dán yanran. Kò tíì kan ẹrẹ̀ funfun tí wọ́n fi ń dí ògiri rí.

"Orrin, pa nǹkan yẹn," ni Skogen wí. "Àwọn tó ń wò ọ́ kọ́ ni yóò gbé ilé yìí."

Ọdọọdún ni kíláàsì ìkọ́lé ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú Duluth máa ń kọ́ ilé kan láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tí ìdílé kan nínú ìlú á sì kó sínú rẹ̀ bí ìgbà ooru bá wọlé. Àwọn pátákó ẹfun tí wọ́n fi bébà bò ni wọ́n fi ń ṣe ògiri inú ilé, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ni yàrá tirẹ̀ tí yóò dí ojú ìpàdé wọn, tí yóò rẹ́ ẹ, tí yóò kùn ún. Nígbà tí ilé náà bá parí, gbogbo ìlú á wá wò ó. Wọn á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa fi ìbọ̀sẹ̀ rìn láti yàrá dé yàrá tàwọn ti ife kọfí lọ́wọ́, wọn á sì máa fi ìka tọ́ ohun tí kò kàn wọ́n. Àwọn ènìyàn tí yìnyín ń há mọ́lé fún ìdajì ọdún mọ ògiri bí ẹni mọ ojú àna rẹ̀.

Ìyáàfin Hedlund náà máa ń wá. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń rẹ́ ògiri jákèjádò ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló sì máa ń mú sábẹ́ ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ìgbà ooru. Iṣẹ́ yìí ni ọkàn Orrin fà sí ju ohunkóhun lọ. Ó fà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dúró kí wọ́n fún un kó tó gbà á: ó ti sọ fún onígbàjámọ̀, ó ti sọ fún dókítà eyín, ìyá àgbà rẹ̀ Aili sì ti bá a kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Skogen gbé rólù kìíní sókè. "Aláwọ̀n nìyí. Ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ẹ kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni. Oníbébà rèé. Kò ní gọ́ọ̀mù. Ẹ ní láti kọ́kọ́ fi ẹrẹ̀ funfun sójú ìpàdé, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilà tó wà láàárín rẹ̀, ó ń ṣẹ́ po bí ìwé. Lójú ògiri gbọọrọ, èyí tó bá wù yín. Nínú igun, níbi tí ògiri méjì ti forí korí, oníbébà ni tèmi. Yàrá yín ni o. Ẹ yàn."

Ramona Beaulieu, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Orrin, mú oníbébà láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orrin fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó.

"Ṣé bébà tútù lo fẹ́ máa tẹ̀ mọ́ ògiri, bí ẹni ń lẹ pósítà ìbò?"

"Igun ni, Orrin. Àwọ̀n kì í ṣẹ́ po dáadáa. Tó o bá ń ti ọ̀bẹ bọ inú igun, wàá kàn gé e sí méjì ni."

"Ọwọ́ tìẹ ló máa gé e. Ọwọ́ tèmi rọ̀."

"Ẹnu rẹ ló rọ̀," ni Ramona fèsì, ó sì lọ po ẹrẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí Orrin kò sọ ni pé òun náà ti gbìyànjú oníbébà rí. Nínú fídíò ló ti ṣe é. Bébà náà lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, ó rọra já láti òkè, ó sì wé mọ́ ọn lórí bíi gèlè. Odindi ọ̀sẹ̀ ni àwọn olùwòran fi ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé bébà kò tún ní rí òun bá ṣeré mọ́. Ó mú aláwọ̀n.

Ẹ sì wo bí iṣẹ́ ṣe yá! Ó lẹ̀ ẹ́, ó fi ẹrẹ̀ bò ó, ó fi ọ̀bẹ fà á, fóònù ń wò ó. Bí ọ̀bẹ rẹ̀ ṣe ń kan ìsàlẹ̀ igun, ó gbọ́ tí nǹkan kan ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹrẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ti dí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí Ramona tó tẹ́ bébà sí igun kejì rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ òfeefèé, yàrá náà sì jọ̀lọ̀ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tan ẹ̀rọ amúlégbóná, kí ilé lè gbẹ kí àlejò tó dé. Igi tó wà lẹ́yìn pátákó gbẹ pẹ̀lú, ó sún kì díẹ̀ bí igi tuntun ṣe máa ń sún kì, àwọn ògiri sì ń fa ara wọn. Nígbà tí Orrin padà wá ya fídíò àṣekágbá, ó rí ilà kan nínú igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tín-ín-rín bí irun orí, láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo igun kejì. Ó wo ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ó ti pa fóònù.

Ramona yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Àyè ṣì wà," ló wí. "Ká ya á kúrò, ká fi bébà sí i. Màá ràn ọ́ lọ́wọ́."

"Kí Skogen sì wá rí i? Ṣé o mọ iye ènìyàn tó wo fídíò yẹn?"

"Ṣé àwọn ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ ni?"

Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn Orrin. Nígbà tí ọjọ́ ìwòran pé, ó ti gbé ìkòkò òdòdó ńlá ìyá àgbà rẹ̀ sí igun kan, ó gbé igi tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ sí èkejì, ó gbé àtùpà onígi gíga sí ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ẹrù tán. Orrin bá ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó fi ẹ̀yìn ti igun náà, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ìjọba fi ṣọ́ ilé ìfowópamọ́.

Ìlú dé. Yàrá náà kún fún òórùn kọfí. Wọ́n ń yìn ín, ó ń fi orí jẹ́ wọn. Wọ́n ń pè é wá mu kọfí, ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó mu ún, ó tún mu ún, ìtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Kò kúrò.

"Orrin, ẹsẹ̀ rẹ ń jó," ni Ramona sọ bó ṣe ń kọjá.

"Inú mi ló ń dùn."

Ní àkókò náà ni Aili wọlé, obìnrin kúkúrú kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun, tó gbé búrẹ́dì dídùn sínú abọ́. Ó ti di Ìyáàfin Hedlund lápá mú. Skogen tẹ̀lé wọn.

"Ẹ wọlé, ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ mi," ni Aili wí. "Tẹ́yìn náà ni, kò kúkú ṣe àjèjì."

Hedlund kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó máa ń gbé lé ara ògiri kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè sáré gba ẹ̀gbẹ́. Ibi tó bá wú tàbí tó bá jìn, òjìji rẹ̀ á sọ. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá Ramona. Ó wo yàrá yìí yípo.

"Kí ló dé tí ibí fi dà bí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta àga?"

"Mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni, mà," ni Orrin wí láti inú igun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Aili ti rí òdòdó rẹ̀. "Ta ló gbé nǹkan mi sínú òkùnkùn? Oòrùn ni ewé yìí ń jẹ. O fẹ́ pa á ni?" Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti fa ìkòkò náà lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ilà náà yọ gedegbe. Aili ṣe bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe: ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó ní òwú aláǹtakùn ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Kò nù. Hedlund rọra fi èékánná tọ ọ́, èékánná wọlé.

Aili rọra ká áńkáṣíìfù rẹ̀.

"Igi ni, mà," ni Orrin wí. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Igi ilé yìí ò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó lò ó."

"Mo ti fura sí igi yẹn tipẹ́," ni Aili gbè é, ẹni tí kò fojú kan igi náà rí.

"Ó ṣeé ṣe," ni Hedlund wí. "Ta ló yan igi?"

"Èmi ni," ni Skogen dáhùn. Ojú rẹ̀ lọ sí ara igun náà, lẹ́yìn náà ó wo Orrin.

"Bó bá jẹ́ igi, a jẹ́ pé gbogbo ilé ni," ni Hedlund wí. "A máa tú ògiri gbogbo yàrá wò, títí kan tọmọbìnrin yẹn. Kò sẹ́ni tó lè kó wọlé títí a ó fi mọ̀dí rẹ̀."

Ramona dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́. Orrin wo ojú rẹ̀, ó wo Skogen tó ń fa etí ara rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n mú, ó sì rí i pé ohun tí òun ń fi ẹ̀yìn bò kò tó ohun tí òun ń fi ẹnu bà jẹ́. Ó tú ọwọ́ tó ká mọ́ àyà, ó sì jáde kúrò nínú igun.

"Kì í ṣe igi, mà. Òmíràn rèé lẹ́yìn mi. Àwọn méjì tó kù wà lẹ́yìn ẹrù. Tíṣà sọ fún wa, Ramona náà sọ fún mi. Àwọ̀n ni mo lò."

"Kí ló dé tó o fi lò ó?"

"Ó yá, mà. Ó sì ń dára nínú fídíò."

Hedlund ti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ àpò. "Ó dáa. Ìdí gidi nìyẹn. Lọ tọ̀ ná, kó o tó bú."

Ramona ni wọ́n mú síṣẹ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Orrin gba rólù oníbébà lọ́wọ́ Skogen, ó ya gbogbo àwọ̀n náà kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bébà àkọ́kọ́ já wálẹ̀, ó tún wé e lórí.

"Ẹrẹ̀ rẹ kéré," ni Ramona sọ láti ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Ibi tí ẹrẹ̀ ò bá dé, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ibẹ̀. Ṣẹ́ ẹ po kó o tó gun àkàbà. Tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, kó o tó tẹ èkejì."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bébà náà wọ inú igun jẹ́jẹ́, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó bá a mu. Kò sí fóònù níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni Orrin ń fi ẹnu súfèé. Nígbà tí Hedlund padà wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sáré láti òkè igun dé ìsàlẹ̀, kò rí ohun tó máa kọ lù.

"Ramona nílò ẹni tí yóò máa fi sáńpépà dán ògiri lẹ́yìn rẹ̀," ló wí. "Iṣẹ́ eruku ni. Kò dára nínú fídíò."

"Mo gbà, mà," ni Orrin dáhùn kíá, kí Hedlund má baà yí ọkàn padà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ooru náà, ọ̀rẹ́ Aili kan bá Orrin níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ìwọ kọ́ ni ọ̀gá tí Hedlund gbà?"

"Rárá, mà. Ramona Beaulieu ni. Èmi ni mò ń fi sáńpépà dán ògiri lẹ́yìn rẹ̀."

Obìnrin náà yẹ etí rẹ̀ wò, ibi tí ẹfun ṣì fara pamọ́ sí. "Mo rí i," ló wí, ó sì fún un ní búrẹ́dì.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ lè má kan ògiri láyé yín, ṣùgbọ́n ẹ ó yàn láàárín ohun tó yá àti ohun tó tọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá sì ṣì í yàn, ẹ má ṣe wá ẹrù tí ẹ ó fi bò ó, ẹ má sì tì í sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni. Àṣìṣe tí a bá jẹ́wọ́ ṣeé ya kúrò. Èyí tí a bá fi ẹ̀yìn bò, ńṣe ló ń dá ẹni dúró sójú kan.