Bàbá Tí Wọ́n Sin Kó Tó Ṣàìsàn

Kííín... gbì! Kííín... gbì! Báyìí ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe máa ń ké ní òpópó Skinner Row nílùú Dublin, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi igi ṣe é, tí apá ọkùnrin sì ni epo rẹ̀. Ẹni tó bá gbé òpópó yẹn rí, kó kọjá òkun, kí orí rẹ̀ funfun bí òwú, ìró yẹn kò ní kúrò létí rẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ̀rọ ilé yìí ń dá ti ilé kejì lóhùn. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí ẹ̀rọ ilé Whelan dákẹ́ lójijì, tí ohùn obìnrin sì gba ipò rẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò mi orí. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó ń rùn nínú ilé náà ti jáde síta.

"Ambrose! Ta ló lẹ èyí mọ́ ẹnu ọ̀nà bàbá mi? Mo ní ta ló lẹ̀ ẹ́!"

Honora Whelan ló ń pariwo, obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wọlé ọkọ, "ọ̀gá mi" ló ń pe Ambrose. Lọ́jọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ ló là mọ́ ọn lórí lójú gbogbo ayé.

Bàbá Honora ló ni ilé ìtẹ̀wé náà kó tó kú. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin mìíràn ń kọ́ bí a ṣe ń ran aṣọ, lẹ́tà òjé ni bàbá tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ó ń tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi di ọ̀rọ̀. Ambrose Whelan kò mú nǹkan kan wá sínú ìgbéyàwó náà ju irun àtọwọ́dá méjì àti ẹnu dídùn lọ.

Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ni ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ìwé tuntun kan. Àṣà àwọn òǹtẹ̀wé Dublin ni: bí ẹnì kan bá ti lẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìwé náà ti di tirẹ̀, bí ó sì ti wà níbẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò ṣe gbà á. Òfin ìjọba kankan kò sí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú u, kò ní rí ẹni bá jókòó mọ́. Ohun tí Honora kà níbẹ̀ ni: *Ọmọ Òrukàn Kilvarna, láti ọwọ́ Omidan Sabina Lacey.*

Sabina! Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀! Ọmọ tí ó mú wá láti Kilkenny nígbà tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, tó fi sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, tó bù nínú oúnjẹ ara rẹ̀ fún! Ẹ ò rí i pé ejò tí a bá fi sí àyà kì í ṣu oyin.

Ambrose jáde, ó ń jẹ búrẹ́dì, bọ́tà wà ní àgbọ̀n rẹ̀. "Honora, rọra. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò! Ọdún méjì ni mo fi to ìwé yìí! 'Láti ọwọ́ Obìnrin Kan' ni mo tò síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé ṣe máa ń ṣe. Ta ló yọ ọ́?"

"Ṣebí obìnrin kan ni Sabina náà." Ó nu ẹnu. "Ìwọ fúnra rẹ lo sì ní o tò ó. Ẹni tó ń to lẹ́tà kọ́ ló ń kọ ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, Murtagh yìí ló kọ Bíbélì!"

Murtagh ni àgbà òṣìṣẹ́ tó ń to ojú ìwé tí wọ́n ti fi lẹ́tà tò sórí òkúta pẹlẹbẹ kó tó wọnú ẹ̀rọ, tó sì ń fa ẹ̀rọ. Ó dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà tákàdá lórí, irú èyí tí àwọn òǹtẹ̀wé máa ń fi ìwé tó bàjẹ́ ká kí yíǹkì má bàa ba irun wọn jẹ́. "Ìṣojú mi ló ṣe," ó ní. "Mo fi sàréè ìyá mi búra, láti orí Ìyáàfin ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ́ sínú òjé!"

"Pa ẹnu rẹ dé, arúgbó! Ta ló bi ọ́?"

Ìgbà náà ni Sabina yọ lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ribíìnì pupa lọ́rùn. Gbogbo Skinner Row ló mọ̀ pé Ambrose máa ń ra ribíìnì. Wọ́n sì mọ̀ pé kò sí ribíìnì kankan lára ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin tí kòkòrò kú sí, "ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ń to ọ̀rọ̀ mi pẹ́ débi tí ẹ fi rò pé tiyín ni. Ìwé àfọwọ́kọ tèmi wà lókè. Tiyín dà?"

Honora wo ìka rẹ̀ tí yíǹkì ti sọ di dúdú. Ambrose àti Sabina mọ̀ pé Honora kò ní ìwé àfọwọ́kọ. Ambrose kì í fún un ní tákàdá ṣòfò, ó ní ìyàwó tó ń kọ̀wé ń fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, kò fi kálàmù kan ìwé rẹ̀ rí. Iwájú àpótí lẹ́tà ló máa ń dúró, tí yóò ronú gbólóhùn kan, tí yóò sì tò ó láti orí sí ọwọ́, láti ọwọ́ sí òjé.

"Kò sí," ni Sabina wí. Ó yíjú sí àwọn tó ń wòran. "Ṣé ẹ gbọ́? Kò sí!"

Nígbà tí wọ́n wọlé tán, Murtagh gbá àyà mú. "Ìyáàfin, ẹ jẹ́ kí n da gbogbo lẹ́tà náà nù! Ká wo ohun tí wọn yóò tà!"

"Rárá, Bàbá. Ṣé kí n pa ọmọ mi nítorí pé wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè é?"

Ó padà sídìí àpótí rẹ̀. Èyí tó kù nínú ìwé náà, ó tò ó tán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí òjé. Ọ̀lẹ ọkùnrin tó jókòó sókè ń mu wáìnì, kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá wò ó.

Lédì Ballinvarra, opó ọlọ́rọ̀ kan, ni olórí àwọn tó ti fi orúkọ sílẹ̀ láti ra ìwé náà. Ó gbọ́ ariwo ẹnu ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ òun sí iwájú ìwé tó ní ẹjọ́ lẹ́yìn. Kí Omidan Lacey mú ìwé àfọwọ́kọ wá sí pálọ̀ òun lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kó kà á, kí olórí ẹgbẹ́ òǹtẹ̀wé sì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbà pé ó ni ín lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀ sí i títí ayé.

Inú Ambrose dùn bí ẹni tó jogún ilé. "Wọ aṣọ búlúù yẹn," ó sọ fún Sabina. "Àwọn ọlọ́lá kì í ra ìwé lọ́wọ́ obìnrin tí ìka rẹ̀ dúdú. Bí wọ́n bá ti rí ojú rẹ, ó parí!"

Lọ́jọ́bọ̀, pálọ̀ náà kún dẹ́nu. Honora jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ ṣọ́ọ̀lù. Murtagh dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà tákàdá rẹ̀. Ìránṣẹ́ ilé sọ pé kó ṣí i kúrò lórí, Murtagh ní òtútù ń mú òun.

"Ẹ ka ibi tí bàbá ọmọ náà ti kú," ni Lédì wí. "Wọ́n ní ó ń pani lẹ́kún. Mo ti mú aṣọ ìnujú méjì wá."

Sabina ṣí ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ rèǹtèrente. Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dára, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ó ka bí ọkùnrin náà ṣe ń rìn bọ̀ nínú òjò láti ọjà Kilvarna. Lójijì, ó ka bí wọ́n ṣe gbé pósí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀, tí ọmọ náà sì ń di okùn pósí mú. Lédì fa aṣọ ìnujú àkọ́kọ́ yọ. Sabina ń kà á lọ. Ó ka bí dókítà ṣe dé, tó sì la iṣan apá bàbá náà kí ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jáde.

Ẹnì kan wúkọ́.

Sabina kò gbójú sókè. Ó ka bí bàbá náà ṣe di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, tó sì kú. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ó ka bí bàbá náà ṣe sọ pé orí ń fọ́ òun díẹ̀, tó wá jókòó, tó béèrè ọbẹ̀ gbígbóná, tó mu ún, tó sì yin iyọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni Lédì wí. "Ṣé a ò tíì sin ọkùnrin yìí ni?"

"A... a ti sin ín, Lédì mi."

"Dókítà wá gbẹ̀jẹ̀ lára òkú. Òkú tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ń mu ọbẹ̀?"

Ẹ̀rín bú! Sabina wo Ambrose, Ambrose wo àjà.

"Ẹ̀mí rẹ̀ ni!" Sabina figbe ta. "Ẹ̀mí rẹ̀ ló padà wá!"

"Ẹ̀mí tó mọ adùn iyọ̀!" ni olórí ẹgbẹ́ òǹtẹ̀wé wí, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wò ó, gbólóhùn yìí gé sí agbedeméjì, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní orí. Omidan, báwo lẹ ṣe kọ èyí láti inú yín?"

Honora ti dìde dúró láìmọ̀. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Murtagh, ó sì tún jókòó, ó di ètè rẹ̀ pọ̀. Obìnrin yìí! Òtítọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì nítorí iyì arúgbó kan. Ẹ fi ìyẹn wé àwọn méjì tó wà níwájú.

Murtagh ló bọ́ sáàárín pálọ̀. "Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó ní, "ogójì ọdún ni mo ti ń to ojú ìwé sórí òkúta. Mo máa ń fi yangàn nílé ọtí pé n kò ṣi ọ̀kan tò rí. Irọ́ ni mo ń pa! Mo ṣi ọ̀kan tò. Ojú ìwé mẹ́jọ ni à ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tákàdá, wọn kì í sì í tẹ̀ lé ara wọn lórí òkúta; ìgbà tí a bá ká tákàdá ni oníkálukú ń bọ́ sí ipò rẹ̀. Lọ́jọ́ òjò kan, mo gbé ìkarùn-ún síbi ìkẹjọ, mo gbé ìkẹjọ síbi ìkarùn-ún. A tẹ̀ ẹ́ wò, Ìyáàfin Whelan rí i, ó tún un ṣe, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bàjẹ́, a jù ú sí igun fún ẹni tó bá fẹ́ dáná. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni mo mú, kí ìtìjú mi lè máa wà lórí mi."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó tú u ní ìká kan, ìká kejì, títí ó fi di tákàdá gbọọrọ tí òógùn ti sọ di pupa. Olórí ẹgbẹ́ tún un ká bí ìwé. Ó ka tákàdá, ó ka ìwé Sabina. Ìsìnkú, dókítà, ikú, ọbẹ̀! Ibi tí gbólóhùn ti gé lórí tákàdá gan-an ló ti gé nínú ìwé àfọwọ́kọ. Kò yàtọ̀ ní lẹ́tà kan.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó ní, "kò sẹ́ni tó lè ṣi bàbá ara rẹ̀ sin báyìí. Ìdọ̀tí tí a gbá nílẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí dà kọ!"

"Ambrose ló kó o fún mi!" Sabina kígbe. "Òun ló ní kí n dà á kọ!"

"Mo ní kí o dà á kọ, mi ò ní kí o má kà á! Ọ̀dẹ̀!"

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ kà á? Ambrose Whelan, ìwé tí o jí, ṣé o ka ojú ìwé kan nínú rẹ̀?"

Ambrose ń fi ojú wá ìlẹ̀kùn. Bọ́tà kò sí ní àgbọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń yọ́ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Olè tó jí ìwé tí kò kà rí! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Èyí kò tilẹ̀ pé ogúnjọ́.

"Ta ló wá mọ bó ṣe yẹ kó rí?" ni Lédì béèrè.

Honora dìde. Kò sí tákàdá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ láti orí: orífífọ́, ọbẹ̀, dókítà, ọwọ́ tó ń tutù nínú ọwọ́, àti ọmọ náà létí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, tí kò mọ bí a ṣe ń jọ̀wọ́ okùn. Nígbà tó máa dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Lédì lo aṣọ ìnujú méjèèjì, ó tún yá tẹni tó jókòó tì í.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí òǹtẹ̀wé kan ní Dublin tó ń kí Ambrose. Ó bá Sabina wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ringsend bí ẹran tí wọ́n lé. Wọ́n ní Sabina fi í sílẹ̀ ní etí omi Parkgate nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó bá ọ̀gá ọkọ̀ kan lọ. Ibi tí ìyẹn ti jù ú sílẹ̀, a kò gbọ́, a kò sì béèrè. Ambrose gba Philadelphia lọ, níbi tó ti ń fa ẹ̀rọ fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bíi lébìrà.

Honora to ojú ìwé àkọ́kọ́ mìíràn. Kò fi "Obìnrin Kan" síbẹ̀ mọ́. Orúkọ rẹ̀ ló tò, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi jù lọ nínú àpótí bàbá rẹ̀, Murtagh sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Kííín... gbì! Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké padà.

Ìwé mẹ́rin ló tún kọ lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún méjìlá kọjá kí lẹ́tà kan tó ti òkè òkun dé, lórí tákàdá olówó pọ́ọ́kú. Honora kà á lórí ìdúró nídìí àpótí lẹ́tà, ó fi ìka dúdú rẹ̀ ká a, ó sì fún Murtagh pé kó fi ṣe fìlà. Ohun tí Ambrose Whelan kọ nìyí:

"Honora, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé rẹ tán. Mo sọ fún wọn níbí pé èmi ni ọkọ ẹni tó kọ ọ́, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀rí mi dà. Jọ̀wọ́, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n lè gbà mí gbọ́."